Òfin Igbó àti Oko ti Yúróòpù: Ohun tó kan àgbẹ̀ àti ọlọ́jà wa ní Ẹdó

Ẹni tó bá ń ta kòkó ní agbègbè Ovia tàbí Owan lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ti lè gbọ́ ìbéèrè kan tí bàbá rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà á ní, "Níbo gan-an ni oko yín wà? Ẹ jẹ́ ká lọ fi fóònù yà á." Àwọn kan rò pé owó orí ló fẹ́ dé. Àwọn míì ní ìjọba fẹ́ fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì ni, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún àwọn lébìrà pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ dání wọ oko.

Kì í ṣe owó orí, kì í sì í ṣe ìjọba Ẹdó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìlú Brussels ló ti wá, níbi tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, fi ṣe ibùjókòó. Mo kọ àlàyé yìí fún àwọn èèyàn wa tó wà lóko, fún àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn, àti fún àwa tá a jókòó sọ́jà ní ìlú Benin, torí ẹ̀wà tiwa náà wà nínú ẹjọ́ yìí, kódà òun ló kọ́kọ́ jẹ̀bi.

Ohun tí òfin náà sọ

Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 2023/1115, ṣùgbọ́n EUDR ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Ọjà méje kan, àti ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe, kò gbọ́dọ̀ wọ Yúróòpù mọ́ tó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ti wá. Àwọn méje náà ni kòkó, kọfí, ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà, màlúù àti igi.

Nínú méje yìí, mẹ́rin ló pọ̀ ní Ẹdó: kòkó, rọ́bà, ọ̀pẹ àti igi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá ju bó ṣe kan ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kánò lọ. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, ti wà lẹ́bàá ìlú Benin láti ọdún 1939. Ti rọ́bà wà ní Iyanomo. Oko ọ̀pẹ àti rọ́bà ńlá ti Okomu wà lọ́nà Udo. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní lọ́yà, wọ́n ní ẹ̀rọ, wọ́n ní àwòrán ilẹ̀ wọn. Àgbẹ̀ tó ní éékà márùn-ún ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Òfin náà kò bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà o. Ẹni tó ń kó ọjà wọ Yúróòpù ló mú. Òun ló gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ tó sọ gbogbo oko tí ẹrù náà ti wá, pẹ̀lú nọ́ńbà ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà. Tó bá purọ́, àwọn orílẹ̀-èdè náà lè bu owó ìtanràn lé e lórí, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ìdá 4 nínú 100 gbogbo ohun tó ń tà ní EU lọ́dún. Ẹ̀rù owó ìtanràn yẹn ló ń sáré láti Amsterdam dé Èkó, tó sì wá láti Èkó dé Iguobazuwa.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń wá ni nọ́ńbà méjì tí sátẹ́láìtì fi ń mọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé. Ti ìlú Benin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6.3 àti 5.6. Ti oko gbọ́dọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, fígọ̀ 6 lẹ́yìn àmì kíún náà, kí wọ́n má baà fi oko tiyín pe oko aládùúgbò. Fóònù kékeré tó lè wo máàpù ti lè gbé e jáde. Tí oko kò bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ìyẹn éékà 10 ó dín díẹ̀, ojú kan ṣoṣo láàárín oko ti tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rìn yí ààlà ká kí gbogbo igun rẹ̀ lè hàn. Fún hẹ́kítà 4 sísàlẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, èèyàn kàn fẹ́ rìn dé àárín oko ni.

Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Kò sọ èèyàn di onílẹ̀, kò sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tún un sọ torí ohun tí mò ń gbọ́ kiri.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí owó kankan tí òfin náà ní kí àgbẹ̀ san. Ẹni tó bá wá sí abúlé tó ní òun fẹ́ gba owó fọ́ọ̀mù EU, tàbí owó kí orúkọ yín lè dé Brussels, ẹ ní kó máa lọ. Àjọ EU kò kọ orúkọ àgbẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ níbì kankan.

Àdàpọ̀ ọjà ni ibi tí àwọn tó ń ra kòkó yóò ti forí gbá. Bí àpò 200 bá wà nínú sítọ̀, tí mẹ́wàá nínú rẹ̀ wá láti oko tí ẹnikẹ́ni kò mọ nọ́ńbà rẹ̀, tí wọ́n sì ti dà á pọ̀ sórí ilẹ̀ láti sá a, gbogbo 200 ni kò lè wọ Yúróòpù mọ́. Kò sí pé ẹ jẹ́ ká yọ mẹ́wàá kúrò. Ẹni tó bá ń rà lọ́wọ́ ogójì àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ní nọ́ńbà, kó sì tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ láti ìgbà tó ti gbé e sórí ìwọ̀n.

Kí ni wọ́n ń pè ní igbó?

Ilẹ̀ tó ju ààbọ̀ hẹ́kítà lọ, tí igi rẹ̀ ga ju mítà 5 lọ, tí ewé igi sì bo ju ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ lọ, tí kì í ṣe oko. Nítorí náà, ẹni tó hú ògbólógbòó kòkó bàbá rẹ̀, tó gbin tuntun, kò ṣẹ̀. Ẹni tó gé rọ́bà tó ti gbó tó fi kòkó sí i, kò ṣẹ̀. Ilẹ̀ tó ti jẹ́ oko kí ọdún 2020 tó parí, tí wọ́n kàn fi sílẹ̀ kó sinmi díẹ̀, oko ni.

Ibi tí wàhálà wà ni oko tuntun. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. A ó pa igbó, a ó sun ún, a ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò lọ́dún àkọ́kọ́, bóyá ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú, kí kòkó tó wọ abẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ pa igbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò sì sí nínú méje yẹn." Kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Òfin náà kò béèrè ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìn. Ọjọ́ tí igbó kúrò níbẹ̀ tó fi di oko ló ń béèrè. Tó bá jẹ́ ọdún 2022 ni, kòkó tó bá so níbẹ̀ lọ́dún 2027 kò ní wọ Yúróòpù, kò sì sí ìwé tó lè tún un ṣe.

Àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwòrán náà kì í fi gbogbo ìgbà ríran dáadáa. Kòkó tó wà lábẹ́ igi ńláńlá, bí àwọn àgbà ṣe máa ń dá a sílẹ̀, lè jọ igbó lójú ẹni tó wà lókè. Lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ bá gé díẹ̀ nínú àwọn igi yẹn, ó lè dà bíi pé ó pa igbó. Ẹni tó bá ní fọ́tò oko rẹ̀ láti ọdún 2019 tàbí 2020 nínú fóònù, tàbí rìsíìtì ibi tó ti ta kòkó láti oko náà lọ́dún yẹn, kó má pa á rẹ́.

Àtìpó, ilẹ̀ àti igbó ọba

Apá kejì òfin yìí kò níyẹn tó ń pariwo rẹ̀, òun gan-an ló sì ń kó èmi lọ́kàn sókè. Ó ní ọjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n gbìn ní ìbámu pẹ̀lú òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá: òfin ilẹ̀, òfin igbó, òfin iṣẹ́, àti owó orí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbin kòkó ní igbó Ovia, Oǹdó, Èkìtì àti Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá. Ilẹ̀ ilé ti gbó, wọ́n wá ilẹ̀ tútù. Wọ́n lọ bá Odionwere àti àwọn àgbà abúlé, wọ́n gbé ọtí, wọ́n san owó, wọ́n sì fi àmì sí ààlà. Bóyá ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ẹ̀kọ́ ọmọ ilé ìwé. Bóyá kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Irú ilẹ̀ tí abúlé tàbí ìdílé fún èèyàn lọ́nà ìbílẹ̀ báyìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, àjọ EU kò sì sọ pé kí gbogbo àgbẹ̀ lọ gba C of O. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra kòkó lè béèrè pé ta ló fún yín nílẹ̀ yìí. Ìwé kékeré tí àwọn àgbà abúlé fọwọ́ sí, tí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀, sàn ju òfo lọ. Ìsinsìnyí tí àwọn àgbà tó mọ̀ yín ṣì wà láàyè ló yẹ kẹ́ ẹ gbà á, kì í ṣe ìgbà tí àwọn ọmọ wọn tó ń gbé Èkó bá dé.

Igbó ọba yàtọ̀. Ìjọba òyìnbó ló ti ya igbó Okomu sọ́tọ̀ láti ọdún 1912, apá kan nínú rẹ̀ sì di ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1999. Sapoba náà wà níbẹ̀, àti àwọn míì. Kò sí Odionwere tó lè fún èèyàn ní igbó ọba, torí kì í ṣe tirẹ̀. Láyé àtijọ́, ìjọba ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní taungya: àgbẹ̀ á gbin oúnjẹ sáàárín igi kéékèèké tí ìjọba gbìn, fún ọdún díẹ̀, tí igi bá ti ga á kúrò níbẹ̀. Iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ṣe é fún. Kòkó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbìn tó sì ń kúrò.

Àwọn èèyàn wa pọ̀ tó wà nínú irú igbó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan mọ̀. Àwọn kan kò mọ̀ rárá, wọ́n sanwó fún ẹni tó ní òun ni onílẹ̀, tàbí fún ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1995 ti bọ́ lọ́wọ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, torí igbó náà ti kúrò tipẹ́. Ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ apá kejì yìí. Lọ́jọ́ tó bá fún wọn ní nọ́ńbà oko rẹ̀, nọ́ńbà náà á bọ́ sínú igbó ọba lórí máàpù, ẹni tó ń kó ọjà jáde ò sì ní fọwọ́ kàn án.

Èmi ò rò pé ẹnì kan ṣoṣo lè yanjú èyí. Àgbẹ̀ tó bá dá nìkan lọ bá àwọn tó ń bójú tó igbó fún ìjọba ìpínlẹ̀ lè fẹnu ara rẹ̀ gba ìwé kúrò-ńlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wa ló yẹ kó gbé e: kí wọ́n ka iye èèyàn wa tó wà níbẹ̀, iye ọdún tí wọ́n ti lò, àti irú ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì lọ jókòó pẹ̀lú ìjọba kí ọjọ́ tó pé. A máa ń dá owó fún ọdún ìbílẹ̀, a máa ń dá owó fún aṣọ ẹgbẹ́. Owó sọ̀fíò kan kò ju agbára wa lọ.

Ní ti rọ́bà àti igi, ẹ rántí pé òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kó oje rọ́bà tútù tàbí èyí tó dì láìtíì gba ilé iṣẹ́ kọjá lọ sókè òkun, bẹ́ẹ̀ sì ni pákó àti gẹdú. Torí náà, ilé iṣẹ́ tó ń ra rọ́bà yín ló máa béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ yín.

Ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, àti ipò Nàìjíríà

Wọ́n ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Òpin ọdún 2024 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọdún kan kún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, wọ́n tún fi ọdún kan kún un. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2026 fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti àárín, àti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2027 fún àwọn kéékèèké. Àwọn kan ti wá ń sọ pé wọ́n á tún sún un, pé ká fọkàn balẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ń sún ni ọjọ́ tí àyẹ̀wò máa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò kúrò lójú kan.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n pín gbogbo ayé sí ọ̀nà mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọ́n fi sí ibi tó burú jù: Rọ́ṣíà, Belarus, North Korea àti Myanmar. Nàìjíríà wà láàárín, pẹ̀lú Côte d'Ivoire àti Bìní Olómìnira, a ó sì máa yẹ ìdá 3 nínú 100 àwọn tó ń kó ọjà wọlé láti ọ̀dọ̀ wa wò. Ghana wà níbi tó rọrùn, ìdá 1 péré ni tiwọn. Oníṣòwò tó bá fẹ́ ra kòkó, tó sì rí Ghana àti àwa, ẹ mọ ibi tí ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ.

Iye kòkó náà dá sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan ju dọ́là 12,000 lọ lọ́jà àgbáyé. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti wá sílẹ̀ ju 6,000 lọ. Nígbà tí ọjà bá wọ́n, ẹni tó ń rà kì í bi èèyàn ní nǹkan kan, tútù tó gbẹ ni wọ́n á kó. Ìgbà tó bá pọ̀ ni wọ́n máa ń ṣà á.

Àwọn náà ńkọ́, lọ́dọ̀ tiwọn?

Ẹ̀tọ́ ni kéèyàn béèrè. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń fi owó ìjọba ti àgbẹ̀ wọn lẹ́yìn nípasẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ CAP. Wọ́n kọ́kọ́ ṣèlérí iye kan fún wàrà, bọ́tà àti àlìkámà. Tí ọjà ò bá tà, ìjọba á rà á. Ta ni kò ní ṣiṣẹ́? Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, bọ́tà kún sítọ̀ wọn títí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa kó o sí, wọ́n sì ń tà á sókè òkun ní pọ́ọ́kú, ìjọba wọn ń san ìyókù. Lọ́dún 1992, Ray MacSharry, ará Ireland tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà, dín ìlérí yẹn kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àgbẹ̀ lówó lọ́wọ́. Lọ́dún 2003, lábẹ́ Franz Fischler, ará Austria, owó náà kúrò lára iye ohun tí àgbẹ̀ kó jáde. Ó wá tẹ̀lé ilẹ̀ rẹ̀, àti bóyá ó ń tọ́jú ilẹ̀, omi àti ẹran rẹ̀.

Owó tó wà fún CAP láti 2021 sí 2027 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 387 yúrò, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó tí EU ń ná. Àgbẹ̀ tiwọn ń gba owó kó má ba ilẹ̀ jẹ́. Tiwa ń gbọ́ pé tó bá ba igbó jẹ́, wọn ò ní ra ọjà rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì lè gba igbó là, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ní owó nínú.

Lọ́dún 2020 wọ́n tún kéde pé kó tó di ọdún 2030, oògùn oko táwọn àgbẹ̀ wọn ń lò gbọ́dọ̀ dín kù sí ìdajì, kí ìdá 25 nínú 100 ilẹ̀ oko sì jẹ́ èyí tí wọn kò fi oògùn àti ajílẹ̀ ilé iṣẹ́ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn àgbẹ̀ gbé tírákítọ̀ dí títì ní Faransé, Jámánì àti Brussels fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, Ursula von der Leyen, olórí ìgbìmọ̀ EU, kéde pé àwọn á fa àbádòfin oògùn náà padà. Àgbẹ̀ Iguobazuwa kò ní tírákítọ̀ tó máa gbé lọ sí Brussels.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà

Ẹ̀wà ni mò ń tà, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí bó ṣe rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Wọ́n sún un títí, wọn ò tíì ṣí i. Oògùn apakòkòrò dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Sniper. Èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà láàyè ni mílígírámù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n rí nínú tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6.

Kí ẹ lè mọ bí 0.01 ṣe kéré tó: nínú odidi àpò 100 kílò, gbogbo oògùn tó lè wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígírámù 1 lọ. Hóró ìrẹsì kan ṣoṣo wúwo jù ú ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti da oògùn sórí ẹ̀wà, bó ti wù kó fi ọwọ́ kékeré dà á, ti kọjá rẹ̀.

Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, mílílítà 100, ní ọjà gbangba. Wọ́n tún fòpin sí paraquat, oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àti atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Paraquat yìí, láti ọdún 2007 ni kò ti sí lóko Yúróòpù mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún koríko kòkó lóògùn, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ike kẹ́ ẹ tó rà á.

Ẹ̀wà tí à ń jẹ níbí náà ni wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ẹ̀wà Yúróòpù lọ́tọ̀. Àpò PICS ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ láìlo oògùn: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, kò ní rí òmíràn, á sì kú. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọ inú rẹ̀, a ó fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, a ó sì so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó le. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, ṣùgbọ́n èèyàn lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí eku kò bá dá a lu. Ẹni tó bá ń ṣí i lójoojúmọ́ láti bu kóńgò kan tà ń fún kòkòrò ní èémí tuntun ni, torí náà àpò tí à ń tà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a tọ́jú.